Bí Ẹgbẹ́ Eléré Ṣe Ń Gbọ́ Ara Wọn ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Kí okùn iná mànàmáná tó wọ ìlú wa, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba wa tó fi ojú kan ohun tí à ń pè ní míkísà lónìí, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, àwọn onílù àti akọrin Oǹdó Ẹ̀gìn àti ti Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu ńlá kan tí ó ń bá àwọn ọmọ wọn fínra: wọn a máa gbọ́ ara wọn. Ẹni tí ń lé orin kì í jìnnà sí àwọn tí ń gbè é. Ìyáàlù yóò sọ̀rọ̀, omele yóò fèsì, agogo yóò máa ka ìṣísẹ̀ láàárín wọn, ojú yóò sì máa bá ojú sọ ohun tí ẹnu kò ráyè sọ. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Obìtun ní Oǹdó, tí wọ́n ń kó àwọn wúńdíá jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ iyebíye, tàbí nígbà tí àwọn onílù bá pé jọ sí iwájú ààfin Déjì tàbí ti Òṣemàwé, agbo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pa, ohùn kò sì ní ibi tí yóò gbà sọnù láàárín agbo náà. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n tí kò gbọ́ ìlù, ọgbọ́n rẹ̀ kò ní ohun tí yóò bá jó.

Mo fẹ́ sọ ìtàn bí gbígbọ́ yìí ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn eléré wa, àti bí ó ṣe ń padà bọ̀ wá sí ọwọ́ wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ orin kéékèèké ní ìlú méjèèjì yìí, ti ilé ìjọsìn àti ti òde àríyá, ni ó ń tu owó jọ báyìí láti ra míkísà tí wọn yóò fi máa gbé ohùn sí etí ara wọn, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rà gan-an. Ẹ̀rọ ni ó tú agbo ká. Bí ẹ̀rọ yóò bá tún agbo náà pa, dandan ni kí ẹni tí ń rà á mọ ibi tí agbo náà gbé tú.

Ilé ìjọsìn ni ibi àkọ́kọ́ tí àwọn eléré wa ti kọ́ láti máa ṣeré láìkọjú síra wọn. Ní ọdún 1877 ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà tí à ń pè ní CMS, wọ Oǹdó láti wàásù; a sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ọmọ rẹ̀, Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips, tí a bí ní 1884, ni ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó padà wá jókòó ti dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, tí ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti dùùrù ńlá rí mọ ohun tí mo fẹ́ fà yọ: atẹdùùrù a máa kọ ẹ̀yìn sí akọrin tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ sí wọn, ohùn dùùrù tirẹ̀ a bo ohùn wọn mọ́ ọn létí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gbọdọ̀ bá wọn rìn láìtàsé. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n gbé dígí sí ọ̀kánkán rẹ̀, kí ó lè máa wo ọwọ́ olùdarí akọrin nínú rẹ̀. Ojú ni wọ́n rán ní iṣẹ́ etí. Dígí yẹn, lójú tèmi, ni baba ńlá gbogbo ohun tí a óò sọ nínú ìwé yìí, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé eléré lè wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó má sì gbọ́ wọn.

Orin jùjú ni ó tẹ̀lé e. Ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1929, ni Túndé King kó ẹgbẹ́ kékeré jọ, tí ohùn rẹ̀ sì wọ àwo Parlophone ní 1936. Gìtá-bánjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti sámbà tí wọ́n ń pè ní jùjú, ó parí, nítorí náà inú yàrá olówó kan tàbí ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú ti tó wọn í ṣeré, ẹnì kan kò sì ní láti pariwo kí ẹnì kejì tó gbọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ọdún kejì rẹ̀, 1949, ni Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ mọ́ gìtá rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè gba inú sípíkà jáde. Ẹ má fi ojú kékeré wo nǹkan méjì yìí, nítorí ọ̀kan ni ó bí èkejì. Gìtá tí kò ní ẹ̀rọ kò lè dìde dúró níwájú gángan. Ìlù náà yóò gbé e mì. Ìgbà tí gìtá àti ohùn olórin ti rí sípíkà lò, kò sí ohun tí ó tún dí olórin lọ́wọ́ láti máa fi ìlù kún ìlù, àkúbà, agídígbo, omele, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́rin ìjelòó fi di ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá, fi àkódíọ̀nù kún un, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963.

Gbogbo ènìyàn ni ó yọ̀ sí ìlọsíwájú yìí, èmi náà kò sì bínú sí i, nítorí láìsí i a kì bá tí ní àwọn àwo tí a fi ń ṣọdún títí di òní. Ṣùgbọ́n ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya, ohun tí ó sì ya níbí yìí ni okùn tí ó so àwọn eléré pọ̀. Sípíkà kò kọjú sí ẹni tí ń kọrin. Àlejò tí ń jó ni ó kọjú sí. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn sípíkà, àjẹkù ohùn ni ó ń gbọ́, èyí tí ó ti lọ gbá ògiri tí ó sì ń padà bọ̀. Ohùn kì í sáré ju mítà 340 lọ tàbí díẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri gbọ̀ngàn bá wà ní mítà 17 sí onílù, ohùn tirẹ̀ yóò rin mítà 34 kí ó tó padà bá a, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí kò mọ ìlù yóò ní kí nìyẹn já mọ́. Onílù mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan: bí ó bá tẹ̀lé ohùn tí ó ti ara ògiri bọ̀, ẹsẹ̀ orin yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ nílẹ̀, bí ó bá kọtí ikún sí i, òun àti agídígbo yóò pínyà lójú agbo. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń mú kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹgbẹ́ eléré kò sì lè mú kí ẹgbẹ́ eléré gbọ́ ara wọn.

Ọmọ tí ó so ìlú méjèèjì tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn pọ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó rẹ̀. Sunday Adéníyì Adégẹ́yẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí King Sunny Adé, ni a bí ní Òṣogbo ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1946, ọmọ ọba ni lọ́nà Oǹdó àti lọ́nà Àkúrẹ́. Baba rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ a máa ṣòwò. Ó kàwé ní Oǹdó kí ó tó já sí Èkó, níbi tí ó ti bá ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ṣeré, kí ó tó dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, tí ó wá di African Beats lẹ́yìn náà. Ẹ wo irú agbo tí ọkùnrin yìí kó jọ: gìtá lórí gìtá, gìtá irin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fà bí ẹni fa òwú, gángan tí ó ju ẹyọ kan lọ, elégbè lọ́tùn-ún lósì, kíbọ́ọ̀dù, àti ìlù òyìnbó. Ní 1982, nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde tí wọ́n sì gbé e kiri ayé, àwọn àlejò láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ẹnu ya bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn báyẹn ṣe ń dún bí ẹnì kan. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ìdí rẹ̀: ìfarabalẹ̀, àti ohùn rírẹlẹ̀. Gìtá kọ̀ọ̀kan fi àyè sílẹ̀ fún èkejì rẹ̀, kò sí ẹni tí ń du ibi ohùn ẹlòmíràn. Orlando Owoh, ọmọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n, tí òun náà ti ní ẹgbẹ́ Omimah láti 1960, gba ọ̀nà mìíràn; ó jẹ́ kí gìtá òun àti ohùn òun rìn mọ́ra, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé orin tirẹ̀ kò wọ akínyẹmí ara.

Àìgbọ́ra-ẹni yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1965, àwọn Beatles kọrin ní pápá Shea ní New York níwájú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 55,000, igbe àwọn ọmọge sì bo sípíkà mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tí ń kọrin kò gbọ́ ohun tí ara wọn ń kọ. Kò sí sípíkà kankan tí ó kọjú sí wọn. Ní sáà náà ni àwọn oníṣẹ́ ohùn bẹ̀rẹ̀ sí gbé sípíkà kékeré kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ olórin, kí ó kọjú sí i, èyí tí àwa ń pè ní mọ́nítọ̀. Ó ran ni lọ́wọ́, ó sì dá wàhálà tuntun sílẹ̀, nítorí máìkì tí ó wà lẹ́nu olórin a máa gbọ́ mọ́nítọ̀ tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mọ́nítọ̀ a tún gbọ́ máìkì, àwọn méjèèjì a máa bára wọn jà nínú ìró híhan tí ń gún gbogbo ilé létí. Nígbà náà ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà rò ó pé kí ni ó dé tí a kò fi gbé mọ́nítọ̀ náà sínú etí. Stephen Ambrose ti ń ṣe é fún àwọn olórin ńláńlá láti ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ní 1995 ni Jerry Harvey mọ ọ̀kan fún Alex Van Halen, onílù tí ariwo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ di létí pa, láti inú iṣẹ́ yẹn sì ni ilé iṣẹ́ Ultimate Ears ti jáde. In-ear ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì ni àwọn ọmọ wa gbà lò.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ṣe díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ̀lú, ilé ìtura ń pọ̀ sí i, ilé ìjọsìn ń pọ̀ sí i, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ọjọ́ Sátidé di ohun tí ẹgbẹ́ orin lè fi jẹun. Ẹ̀rọ tí ó gba ìlú kan nígbà náà ni míkísà olójú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ẹ̀rọ agbóhùnga ti wà nínú rẹ̀, tí a ń so mọ́ sípíkà ńlá méjì, kí jẹnẹrétọ̀ sì máa kígbe lẹ́yìn ilé. Ojú kan tàbí méjì péré ni irú míkísà bẹ́ẹ̀ ní fún mọ́nítọ̀. Nítorí náà ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pín jẹ. Akọrin ní kí wọ́n fi ohùn òun kún un, atẹkíbọ́ọ̀dù ní òun kò gbọ́ kíbọ́ọ̀dù, onílù òyìnbó kò gbọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń fi agbára lu ìlù kí òun lè gbọ́ ara òun. Bí ọ̀kan ti ń gbé ohùn tirẹ̀ sókè ni èkejì ń gbé tirẹ̀ gùn ún lórí, títí àwọn ìyá àgbà ìjọ yóò fi máa fi ọwọ́ di etí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ìlera etí sọ pé ariwo tí ó bá tó dẹ́síbẹ̀lì 85, wákàtí 8 ni ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ láìfara pa, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé sí i ni àkókò náà ń dín sí ìdajì, tí ó fi jẹ́ pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Àríyá tiwa a máa gba òru mọ́jú. Àwọn onílù wa tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di adití kí irun wọn tó funfun, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, ó sì ń dùn mí pé a kì í ka ìyẹn mọ́ ìnáwó àríyá.

Owó ni ó dí wa lọ́nà in-ear láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí míkísà tí ó lè fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ga bí ilé ní ìgbà yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì fi ń gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Ní 1994 ni Yamaha gbé ProMix 01 jáde, míkísà tí kọ̀ǹpútà ń darí, ní iye tí ẹni tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ rédíò lè gbà rò. Uli Behringer, tí ó ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì láti 1989, ra ilé iṣẹ́ Midas ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009, ó sì gbé X32 jáde ní 2012: ojú máìkì 32 tí ń wọlé, ojú 16 tí ń jáde, ní owó tí ó ya àwọn oníṣẹ́ ohùn lẹ́nu. Ní nǹkan bí 2015 ni àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn XR, tí kò ní bọ́tìnnì títì lójú rárá, tí ó ṣeé gbé sínú báàgì, tí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì sì ń darí. Soundcraft ní irú tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ui. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà ní Oǹdó ti lè ní ohun tí African Beats kò ní ní ìgbà èwe wọn.

Èwo ni kí wọ́n wá rà? Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí ń lọ sọ́jà ni pé ṣánẹ́ẹ̀lì mélòó ni, ojú mélòó ni ohùn lè gbà wọlé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé ojú mélòó ni ohùn lè gbà jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní aux. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Aux kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà kan tí ó lọ sí etí ẹnì kan. Ibẹ̀ ni atẹgìtá yóò ti gba gìtá púpọ̀ àti ohùn díẹ̀, tí akọrin yóò ti gba ohùn púpọ̀ àti ìlù díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹlòmíràn níyà. Bí aux bá jẹ́ ẹyọ méjì, ẹni méjì ni yóò rí ohun tí ó fẹ́, àwọn tí ó kù yóò máa jẹ àjẹkù, ìbáà ṣe pé míkísà náà ní ojú ìwọlé 24. Mo ti rí i tí ẹgbẹ́ kan náwó sórí míkísà gbàǹgbà olójú púpọ̀ tí ó kún orí tábìlì, tí aux rẹ̀ jẹ́ méjì péré, wọ́n sì padà sí ìjà àtijọ́ nínú etí dípò kí ó wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹgbẹ́ kan kalẹ̀ bí a ṣe ń rí wọn ní Àkúrẹ́: olórí akọrin kan, elégbè méjì, gìtá, béèsì, kíbọ́ọ̀dù, ìlù òyìnbó, àti gángan kan. Máìkì mẹ́ta ni àwọn akọrin yóò gbà, ìlù òyìnbó yóò gba mẹ́rin bí wọn kò bá fẹ́ ṣe àṣejù, gángan ọ̀kan, gìtá ọ̀kan, béèsì ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù méjì, méjìlá nìyẹn. Behringer XR18 ní ojú máìkì 16 àti aux 6, ohun tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀: olórí akọrin, gìtá, béèsì, kíbọ́ọ̀dù, onílù òyìnbó àti onígángan, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, kí elégbè méjì sì máa gbọ́ ohun tí olórí wọn ń gbọ́, nítorí ohun kan náà ni wọ́n nílò. Ojú àgbéjáde ńlá méjì rẹ̀ yóò sì tún máa gbé ohùn lọ fún àwọn àlejò. XR16 ní ojú máìkì 8 àti aux 4. Ó tó fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí kíbọ́ọ̀dù wọn ń ṣe iṣẹ́ ìlù. XR12, tí ojú máìkì rẹ̀ jẹ́ 4 tí aux rẹ̀ sì jẹ́ 2, kí ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń dá kọrin pẹ̀lú gìtá rẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ fani mọ́ra tó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí kò fẹ́ míkísà tí kò ní bọ́tìnnì, mo sì gbọ́ wọn yé: Yamaha MG àti irú rẹ̀, atúnẹ̀rọṣe ojúlé kejì lè tú u kí ó sì tún un ṣe, kò nílò fóònù, ẹni tí kò kàwé lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n lò. MG16XU ní aux 4, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ìmúdùn-ohùn pín ọ̀nà. Ẹni tí ó bá yan irú èyí kí ó rí i dájú pé aux tí yóò lọ sí etí ń gba ohùn kí ohùn tó dé ibi tí ọwọ́ alákòóso ń tì sókè tì sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Pre ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí alákòóso bá rẹ gángan sílẹ̀ nítorí pé alága ìnáwó ń sọ̀rọ̀, gángan yóò parẹ́ mọ́ akọrin létí, yóò sì máa wá ibi tí orin wà.

Tòkunbọ̀ kò burú bí ènìyàn bá ní sùúrù. Kí wọ́n so máìkì mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí ń tà á, kí wọ́n sì fi ìgbọ́hùn gbọ́ aux kọ̀ọ̀kan. Ojú kan tí ó kú nínú mẹ́rìndínlógún ṣeé farada, aux kan tí ó kú nínú mẹ́rin ti mú eléré kan kúrò nínú ẹgbẹ́.

Owó tí ó kù, ibo ni kí ó gbà? Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò rédíò tí ń gbé ohùn láìlo okùn. Onílù òyìnbó jókòó, atẹkíbọ́ọ̀dù kò lọ síbì kankan. Okùn lásán àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, tí a ń fi kọ́ bẹ́líìtì, ti tó wọn. Onígángan ni kí wọ́n ra rédíò fún, nítorí ìnáwó Yorùbá kò gbà kí ó dúró lójú kan: òun ni yóò tẹ̀ síwájú lọ fi ìlù ki olówó, tí yóò bá ìyá ìyàwó rìn wọlé, tí yóò sì padà wá bá akọrin pẹ̀lú orúkọ tí ó gbọ́. Rédíò olówó pọ́ọ́kú tí ń lo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú Wi-Fi a máa ṣe ségesège nínú gbọ̀ngàn tí fóònù ọgọ́rùn-ún wà, pàápàá bí míkísà náà bá ń gba orí Wi-Fi tí ó wà nínú rẹ̀. Ràútà kékeré tí ó lè lo 5 GHz, tí a fi okùn so mọ́ ẹ̀yìn míkísà, yóò yanjú ìdajì ọ̀ràn yìí.

Nípa ohun tí à ń fi sí etí gan-an, ìpèníjà kan wà tí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ṣe é kò ní, tí àwa ní. In-ear dí etí pátápátá. Láìdí i, béèsì kò ní í wọlé, ẹni tí ó bá sì yọ ọ̀kan tí ó fi ìkejì sílẹ̀ yóò máa gbé ohùn sókè títí yóò fi pa etí kan ṣoṣo náà lára. Ṣùgbọ́n akọrin jùjú tí etí rẹ̀ dí kò gbọ́ ẹni tí ń náwó fún un, kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń sọ sí i létí, kò gbọ́ bí agbo ṣe ń pariwo nígbà tí oríkì wọ baba ìyàwó lára. Ohun ìtìjú ni kí olówó lẹ owó mọ́ akọrin níwájú orí, kí akọrin sì máa ki ẹlòmíràn. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ó bá bi mí pé kí wọ́n ya ojú máìkì kan sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí àwọn àlejò, kí ó má wọ sípíkà ńlá rárá, kí ó máa wọ etí akọrin àti etí onígángan nìkan ṣoṣo. Kí gángan náà sì ga nínú etí akọrin ju gìtá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Akọrin tí kò gbọ́ ohun tí ìlù sọ ti sọ ẹni tí ń bá a fọ̀ nù. Míkísà tí kọ̀ǹpútà ń darí ní ohun tí ń dá ohùn dúró bí ó bá fẹ́ ga kọjá ààlà, kí wọ́n sì tan án lórí aux kọ̀ọ̀kan, nítorí máìkì tí ó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé lójú agbo lè ṣe etí léṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ó ku iná. Míkísà àtijọ́, bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé e padà, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Míkísà tí kọ̀ǹpútà ń darí yóò kú, yóò sì kọ́kọ́ jí tán, ràútà náà yóò jí, fóònù yóò tún máa wá a, ní gbogbo àkókò yẹn gbogbo etí inú ẹgbẹ́ ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú àwọn àlejò. UPS kékeré irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò lè gbé míkísà àti ràútà fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn ilé yóò fi fa jẹnẹrétọ̀. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò bá tó nǹkan méjì, kí ó ra UPS náà ṣáájú rédíò kejì.